Mọ́tò Rẹ Tutọ́ sí Mi Lójú

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo sì bẹ Ọlọ́run kó má jẹ́ kí ìlú ńlá tí o wà yẹn gbé ọ mì. Ara wa le díẹ̀. Òrùlé ẹ̀yìn ilé ti ń jò, ewúrẹ́ tó máa ń yọ wá lẹ́nu ti bí ìbejì, àbúrò rẹ ọkùnrin ò sì yéé fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ìyẹn tó fún ìròyìn ilé. Ọ̀rọ̀ mọ́tò rẹ ni mo bá wá, mi ò sì ní fi bò.

Nígbà tí o gbé e wálé, tí o ní kó máa dúró sí àgbàlá wa torí pé kò sí ibi tí o máa gbé e sí lọ́hùn-ún, mo gbà. O ní kí ẹnikẹ́ni má gbé e jáde títí o fi máa dé, mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí o wá fa gálọ́ọ̀nù omi búlúù yọ, tí o ní gíláàsì iwájú ló ń fi í bọ́jú, mo wo ìyá rẹ, ìyá rẹ náà kọjú sí ibi tí ohùn rẹ ti ń wá. Àwa tí a bí ọ, omi lásán la fi ń bọ́jú láti ọjọ́ tí a ti dáyé. Gíláàsì wá ń lo aláwọ̀! Owó ti ń rùn sí ọ ni.

O ní kí n máa yẹ̀ ẹ́ wò déédéé. Láràárọ̀, kí n tó kí ẹnikẹ́ni, màá ti ṣí ìdérí iwájú, màá wá ike tí wọ́n ya gíláàsì àti omi sí lórí, màá sì wò ó bóyá ó ti mu nínú omi rẹ̀. Kò mu. Mo ní àìsàn ti wọ̀ ọ́, kò lè jẹun mọ́, mo bá ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì àdúgbò, èyí tí wọ́n ń pè ní Má-fọwọ́-kàn-án torí pé kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ irinṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà. Ó ní mọ́tò tí kò kúrò lójú kan, tí ẹnikẹ́ni ò tẹ nǹkan kan nínú rẹ̀, báwo ni omi rẹ̀ ṣe máa dín. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ kí n rí i. Mo fojú sún mọ́ àwọn ihò kéékèèké tó wà níwájú gíláàsì, torí mi ò gbà pé omi lè gba ibẹ̀ kọjá. Ọmọ mi, mọ́tò rẹ tutọ́ sí mi lójú! Èmi bàbá rẹ! Wáípà tún wá ń juwọ́ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń lé mi lọ, nínú àgbàlá tí mo fọwọ́ ara mi ṣán. Mo ń retí ẹ̀bẹ̀ rẹ. Omi náà dín wàyí, mo rọ òmíràn sí i dé ojú ilà bí o ṣe wí, mo sì dé e.

Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn. Ó béèrè bóyá gíláàsì náà ti wá mọ́. Má-fọwọ́-kàn-án ní ó mọ́ gaara, pé kí màmá wò ó. Ìyá rẹ wá béèrè irú omi tó jẹ́.

Dókítà ojú ti sọ ọ́ létí rẹ pé nǹkan funfun tó bo ojú ìyá rẹ ṣeé yọ, pé ká má jẹ́ kó pẹ́. Odidi ọ̀sán lo fi kọ́ mi ní ìtọ́jú ojú mọ́tò. Ti ìyá rẹ, o ní ká ṣì máa mú sùúrù. Ṣé gíláàsì ló bí ọ ni?

Fi owó iṣẹ́ abẹ náà ránṣẹ́, kí o sì sọ fún Má-fọwọ́-kàn-án fúnra rẹ pé kó fi mọ́tò yẹn gbé ìyá rẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà náà. Má fi í sí báńkì. Bí mo bá débẹ̀, ògiri kan ni wọ́n máa ń ní kí n lọ gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, èmi kì í sì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ògiri. Fi rán ènìyàn.

Ojú rẹ ò ní rí ibi. Wàá dàgbà, ọmọ tìrẹ náà á sì rántí rẹ. Bí o bá dé, má wá gálọ́ọ̀nù omi búlúù nídìí mọ́tò, mo ti gbé e sórí àjà. Lánàá ni mo bá ìyá rẹ nídìí mọ́tò náà, ó ti da díẹ̀ nínú omi yẹn sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì ti ń gbé e lọ síbi ojú rẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ