Ìwé Tí Ẹnì Kan Ò Ṣí

Ṣọ́ọ̀bù Ìdìwé,
Òdìkejì ọ́fíìsì yín,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Ogún ìwé tí o ní kí n pààrọ̀ èèpo ẹ̀yìn wọn, mi ò ṣe é, má rán dírẹ́bà sí mi mọ́. Mo kí ọ ná. Ìyàwó ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ńkọ́? Ilé tiwa ò dára.

Èmi ni mo di ogún ẹ̀dà ìwé ìwádìí yẹn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà nílé ìwé, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé kò sí ohun tí mo dì tí mi ò ní kà. Àwọn olùwádìí lọ bá ọgọ́fà ìyá tí ọmọ wọn tẹ̀lé àwọn agbésùnmọ̀mí. Púpọ̀ nínú wọn ló ti rí i pé ọmọ ń yí padà, ẹ̀rù ìbọn àwọn ológun ni ò jẹ́ kí wọ́n sọ. Ìwé náà ní kí ìjọba yan àwọn tó máa wá bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó, láìmú ìbọn dání. Èmi òmùgọ̀ rò pé ohun tí mo bá ti fi gọ́ọ̀mù dì, ó ti dòfin nìyẹn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, èyí tó ń tún fóònù ṣe, ta gbogbo irinṣẹ́ ẹ̀, ó ní ẹ̀jẹ̀ ló máa tún ayé ṣe. Ìyá ẹ̀ bi mí bóyá kóun lọ sọ fún ìjọba. Mo ní, “Ẹ lọ sọ. Mo kà á.” Ọ̀dọ̀ rẹ lọ́fíìsì ìjọba ló wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ológun mẹ́ta. Wọ́n gbé ọmọ nídìí oúnjẹ. Oṣù méje rèé, a ò mọ ibi tó wà. Àwọn ìyá àdúgbò ti kọ́gbọ́n, wọ́n panu mọ́. Ọmọ méjì ti bá àwọn agbésùnmọ̀mí lọ láti ìgbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ò bú mi. Á kàn gbé abọ́ síwájú mi, á ní, “Ọ̀mọ̀wé, jẹun.”

Ìwé tí mo bá gé létí, ojú ewé ẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ra títí ẹnì kan á fi ṣí i. Mo fi èékánná yẹ ogún yín wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹ̀ ló ṣì lẹ̀. Ẹ wá fẹ́ kí n kọ ọdún yìí sí i lẹ́yìn, kẹ́ ẹ gbé e lọ sípàdé bí ìwádìí tuntun. Ẹni tó sùn là ń jí. Ta ló lè jí apirọrọ?

Bá mi kí Màmá. Mi ò retí ọmọ náà mọ́, mi ò sì ní bẹ̀ ọ́ pé kí o wá a. Àmì ife tíì wà lẹ́yìn ìwé tìrẹ, roboto. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún níwájú tábìlì rẹ, abẹ́ ife yẹn nìwé náà wà. Nígbà tó jáde, ta lo pè? Dá mi lóhùn.

Èmi ni,
Adìwé.