Òróró Àdúrà Lẹ́nu Sìlíńdà

Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Ara mi ò tíì balẹ̀.

Màámi tó wá kí mi láti Ìkirè ló ní òun fẹ́ rí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń jó irin ní Ṣógúnlé. Inú mi dùn. A débẹ̀, mo fún wọn ní àga, mo lọ wọ aṣọ iṣẹ́.

Nígbà tí mo padà dé, mo di ẹnu sìlíńdà ọ́síjìn tuntun mú kí n ṣí i. Ó yọ̀ mí lọ́wọ́. Mo wò ó, òróró ni, ó ń dán yinrin.

Olúwa mi o! Òróró lẹ́nu ọ́síjìn! Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í jẹ́ ká fi ọwọ́ tó kan gíríìsì débẹ̀, torí ó lè bú gbàmù láìsí ẹni tó ṣáná sí i.

"Ta ló da òróró síbí?" Mo pariwo mọ́ ìyá mi. Èmi tí n kì í pariwo mọ́ wọn!

"Èmi ni, Àkànní. Òróró àdúrà ni. Mo ní kí iná má jó ẹ."

N ò ṣí i mọ́. Àwọn tó ń ta gáàsì ni yóò wá gbé e.

Nílé, ìgò òróró náà ṣì wà lọ́wọ́ Màámi. "Ibo wá ni kí n ta á sí?"

Mo kúnlẹ̀, mo tẹrí ba. Wọ́n ta á sí mi lórí títí ó fi ṣàn dé ọrùn.

Lọ́la, kí n tó dé ìdí iṣẹ́, màá fi ọṣẹ fọ gbogbo ẹ̀ dànù. Màámi ò gbọdọ̀ rí mi.