Orin Tí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́ Ògiri

Ajé, 3 oṣù Kẹta
Orin mi ti dé ibùdókọ̀. Awakọ̀ kan ń ṣì í kọ, mo tún un ṣe fún un. Ó ní, "Bàbá, ta ló ṣe orin yìí gan-an?" Mo ní n ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ ó jọ pé ọlọ́gbọ́n ni, ó sì rẹwà.

Òun nìyí, kí n má baà gbàgbé:
Ajá ọ̀gá ń gba iwájú wọlé,
èmi tí mo gbá ibẹ̀ ńkọ́?
Ọjọ́ ìdọ̀tí, ẹ mọ̀ wá;
ọjọ́ ìbò, ẹ gbàgbé.

Ogójì ọdún ni mo fi gbá gbọ̀ngàn ìlú. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbà wọlé. Nínú ìwé wọn, "Agbálẹ̀ Kẹrìnlá" ni mo ń jẹ́. Àwa agbálẹ̀ àti ọmọ wa kò gbọdọ̀ gba iwájú, a ò sì gbọdọ̀ dìbò. Ohùn Agogo, opó tó jẹ́ olórí àwọn agbálẹ̀, ló ń lé orin. Èmi ń ṣe é, mo ń dákẹ́.

Ìṣẹ́gun, 4
Adájọ́ ń bínú. Ọmọ mi obìnrin ni — ojú tó fi ń wò mí ló fún un lórúkọ yẹn. Atẹ̀wé ni ní gbọ̀ngàn ìlú, ọmọ agbálẹ̀ àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga níbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé lòun náà ń gbà.
Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi ni?" Mo ní orin kì í ní bàbá. Ó ní, "Èyí ní bàbá, ó sì jókòó sórí àga mi." Mo dìde.

Ọjọ́rú, 5
Ikùn Àgbá, alága ìlú, ti fòfin de orin náà. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà! Kò tíì sẹ́ni tó ka iṣẹ́ mi sí tó báyìí rí.

Ẹtì, 7
Wọ́n mú Ohùn Agogo. Wọ́n bi í ta ló ṣe orin. Ó ní atẹ́gùn ló fẹ́ ẹ wá. N ò lè jẹun.

Àìkú, 9
Gbogbo ẹni tí wọ́n mú ló ń sọ pé, "Orin wo lẹ ń wí?" Ikùn Àgbá wá ronú jinlẹ̀. Ó ní kí wọ́n tẹ ìkìlọ̀, kí wọ́n tẹ orin náà sínú rẹ̀ látòkè délẹ̀, kó má sẹ́ni tó máa ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ta ló máa tẹ̀ ẹ́? Adájọ́.
Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi. Ó ní, "Kò pa mí lẹ́rìn-ín, Bàbá. Ẹ kà á kí n má ṣì í." Mo kà á. Kò gbójú sókè.

Ìṣẹ́gun, 11
Ìwé kún ara ògiri. Àwọn tí kò mọ̀ ju ìlà kan lọ dúró síwájú rẹ̀, wọ́n ń há a sórí. Sájẹ́ǹtì tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilé ìwòsàn, ètè ẹ̀ ń mì.
"Sájẹ́ǹtì, ẹ ń kọrin o!"
"Mo ń kàwé ni, Bàbá."
Mo sún mọ́ ọn láti gbádùn iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo rí ẹsẹ kan nísàlẹ̀ tí kì í ṣe èmi ló ṣe é:
Ìka mi ló tẹ òfin yín,
orúkọ mi kò sí níbẹ̀;
ó kù díẹ̀, màá tẹ̀ ẹ́ sí i.

Adájọ́! Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó dáa ju tèmi lọ. Inú bí mi.

Ọjọ́rú, 12
Gbogbo ìgboro ń kọ tiẹ̀. Ikùn Àgbá ní bí ẹni tó fi ẹsẹ yẹn kún un kò bá jáde lọ́la, gbogbo atẹ̀wé lòun máa lé kúrò níṣẹ́. Mo ní màá sọ pé èmi ni.
"Ẹ ò ní gba ẹsẹ mi lọ́wọ́ mi, Bàbá."
Mo ní àṣìṣe wà níbẹ̀. Ó ní níbo? Mo wá a tì.

Ọjọ́bọ̀, 13
Bíìrò Sájẹ́ǹtì ni mo fi ń kọ èyí, nínú àhámọ́ abẹ́ gbọ̀ngàn. Ohùn Agogo wà ní yàrá kejì, ó ń bú mi pé mo pẹ́ kí n tó dé.
Láàárọ̀, èmi àti Adájọ́ jọ wá. Ní igun gbọ̀ngàn, ẹsẹ̀ mi yà sí ẹ̀yìnkùlé fúnra rẹ̀. Adájọ́ di apá aṣọ mi mú. "Iwájú ni, Bàbá." A gba iwájú. Ilẹ̀ dọ̀tí — kò sí agbálẹ̀ tó gbá a lónìí.
Sájẹ́ǹtì ṣí ìwé ńlá kan. Ta ló ṣe orin? "Èmi," ni mo wí. "Àwa," ni Adájọ́ wí. Sájẹ́ǹtì ní kí n dárúkọ.
Mo ní Agbálẹ̀ Kẹrìnlá. Ó ní, "Rárá, orúkọ tí bàbá yín sọ yín."
Mo sọ ọ́. Ó ń kọ ọ́ lọ. Mo ní kó dúró ná, kó fi àmì ohùn sórí ẹ̀ dáadáa.