Iná Tí Wọ́n Ń Tàn Sí Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Hasanat

Ilé Ọláníyan,
Lẹ́yìn Akódà,
Ẹdẹ.

Hasanat ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùmù. Mo kí ẹ, mo kí orúnkún tí o fi ń rá nílẹ̀, mo kí eyín yòówù tó bá ti yọ. Ṣé ara le? Ṣé ìyá ẹ ń jẹun? Èmi bàbá ẹ wà láyé, mo ṣì rẹwà bí mo ṣe wà tẹ́lẹ̀, àfi pé mo rù díẹ̀. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbúròó ara wa ní búburú.

Mo mọ̀ pé ọmọ oṣù mẹ́wàá kì í ka lẹ́tà. Èmi náà, pírámárì mẹ́rin ni mo bẹ́ sílẹ̀, mi ò fi bẹ́ẹ̀ jù ẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá pe ìyá ẹ, obìnrin kan ló ń gbé fóònù ẹ̀, tó ń fi òyìnbó bá mi sọ̀rọ̀. Mo ti bẹ obìnrin náà títí pé kó bá mi jíṣẹ́, mo tún kí i dáadáa, kò jíṣẹ́ kankan. Mo wá rò ó pé bí mo bá kọ ọ́ sí ọmọ, ìyá ọmọ ò ní lè ya á, torí kì í ṣe tiẹ̀. Kafilat, rọra máa kà á sí i létí, má fo ìkankan.

Ìyá mi, ìyá àgbà ẹ, ń kí ẹ. Wọ́n ṣì ń sọ pé ẹnu ọ̀nà tí ìyá ẹ máa ń jókòó sí nígbà oyún ló fa pupa ojú ẹ. Mo ní dókítà Ìbàdàn sọ pé kì í ṣe ẹnu ọ̀nà, pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ló fẹ̀ lábẹ́ awọ. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà pamọ́. Ewúrẹ́ wọn bí mẹ́ta, ọ̀kan ní funfun lójú, wọ́n sọ ọ́ ní Hasanat. Má bínú, ìfẹ́ ni.

Jẹ́ n sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ fún ẹ fúnra mi, kí o má dàgbà tán kẹ́nìkan wá rò ó fún ẹ lódì. Bí wọ́n ṣe bí ẹ ni pupa ti wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ẹ, láti abẹ́ ojú dé àgbọ̀n, bí ìgbà tí sóbò dà sáṣọ funfun. Dókítà ní ká gbé ẹ wá bó o bá pé oṣù mẹ́rin, pé iná kan wà tí wọ́n ń pè ní lésà tó ń pa á rẹ́. Wọ́n ní bí ọmọ bá ṣe kéré tó ni iná náà ṣe máa ń ṣiṣẹ́ tó, torí awọ ọmọdé fẹ́lẹ́, pé kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, a ó máa pààrà ni. Wọ́n fún mi ní ìwé kan pé kí n kọ ọ́. Níbi tí wọ́n ti béèrè àjọṣe èmi àti aláìsàn, mo kọ ọ́ pé a mọwọ́ ara wa, a ò jà rí. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, mo rò pé ìwé mi ló wù ú.

Kí n tó wá náwó ọkọ̀ padà sí Ìbàdàn, mo ní kí n yẹ iṣẹ́ wọn wò. Iná pupa kékeré kan wà lára ìdè kọ́kọ́rọ́, tí àwọn ọmọdé fi ń da ológbò láàmú. Ẹni tó ń tà á ní Akódà búra fún mi pé lésà ni. Mo rà á, mo tàn án sí àmì dúdú tó wà lápá mi fọ́jọ́ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sàn-án, lẹ́yìn oúnjẹ, bí ẹni ń loògùn. Àmì ò mira. Mo sọ fún ìyá ẹ pé irọ́ làwọn dókítà ń pa.

O mọ iṣẹ́ bàbá ẹ. Láti Ẹdẹ dé Awo, kò sí ẹni tó ń ta ìpara tó lẹ́nu tó mi. Bí mo bá gbé gbohùngbohùn sẹ́nu lọ́jà Ara, ẹni tí kò lójú á ra ìpara ojú. Dán-bí-Dígí lorúkọ ìpara mi, èmi ni mo ń pò ó fúnra mi, mo máa ń sọ pé ó ń pa irorẹ́, ó ń pa làpálàpá, ó ń pa àmì téèyàn gbé tọ̀run wá. Lọ́jọ́ kan ní Awo, obìnrin ẹlẹ́pà kan ní òun gbọ́ o, ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe ọmọ mi lòun rí lẹ́yìn ìyá ẹ̀ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ pọ́n yẹn. Ó ní oníṣègùn ikọ́, ọmọ ẹ ń húkọ́ nílé. Gbogbo ọjà fi mí rẹ́rìn-ín, èmi tí mo máa ń fi gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Mo ní bátìrì mi ti kú.

Mo délé, ìyá ẹ ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé. Mo fi ìka yọ ìpara, mo fi kùn ẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́. O ò sunkún. O rẹ́rìn-ín sí mi, o rò pé eré ni mo ń bá ẹ ṣe. Ìyẹn gan-an ló ń pa mí. Mo tún kùn ún lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta ó ti lé ròrò, awọ ti bó, bí omi ọyàn bá kán sí i o á ké. Ìyá ẹ bi mí, mo ní ooru ni. Ó gbé ọwọ́ mi, ó gbóòórùn ìpara lára ìka mi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún wa, dókítà ní àwọn ò lè tan iná sójú egbò. Wọ́n ní ká lọ, kó jinná, kí awọ padà. Oṣù mẹ́rin lọ báyẹn, nínú ìgbà tí wọ́n ní ká má fi ṣòfò. Wọ́n ò bú mi. Wọ́n kàn bi ìyá ẹ pé ta ló fi nǹkan kùn ún. Èmi ń wo àwòrán tó wà lára ògiri. Ìyá ẹ ní òun ò mọ̀. Ó bò mí láṣìírí níwájú wọn, àmọ́ láti ọsibítù ló kọjá sílé Jibril ẹ̀gbọ́n ẹ̀, kò bá mi wọkọ̀ padà.

Nígbà tí wọ́n tan iná àkọ́kọ́, Jibril fi àwòrán ránṣẹ́ lórí wọ́sáàpù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Mo pe ìyá ẹ, mo ní wọ́n ti sun ọmọ mi jóná. Ó ní dókítà ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe, pé ó máa wálẹ̀ tó bá ṣe díẹ̀. Mi ò gbọ́, mo ń bú u lọ ni. Ó wá bi mí pé ta ló kọ́kọ́ sun ún. Ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ ohùn ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Mo padà lọ Awo. Mo gbé gbohùngbohùn, mo ní ẹ̀yin èèyàn mi, ìpara yìí ò pa àmì kankan, ó jó ọmọ mi lójú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ẹlẹ́pà yẹn ní Mansur tún ti gbé ọgbọ́n mìíràn dé, ni wọ́n bá ń rà á wìtìwìtì. Ọjà ò tà fún mi báyẹn rí láyé mi. Mo ń já a gbà padà, wọ́n ń fà á, wọ́n ní àwọn ti sanwó. Mo da ìyókù sí ṣáláńgá. Ní báyìí, pákí ni mo ń bá wọn gbé sínú ọkọ̀ ní Alájùẹ. Apá mi ti le, ìyá ẹ á rí i.

Jibril ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni iná kẹta. Ó ní wọ́n á fi nǹkan bò ẹ́ lójú, ẹnìkan á sì di orí ẹ mú, pé ìyá ẹ máa ń sunkún jù ẹ́ lọ. Bá mi bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ n wá di orí ẹ mú. Mi ò ní sọ̀rọ̀. Kafilat, mo mọ̀ pé o ò gbà, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ̀rọ̀. Bó o bá sì ní kí n má fọwọ́ kàn án, o jàre, n ó dúró níta, n ó gbọ́ bó ṣe ń ké. Hasanat, nínú owó tí wọ́n fi sọ ẹ́ lórúkọ, bá mi yọ owó ọkọ̀ Ẹdẹ sí Ìbàdàn. Àlọ nìkan. Mo lè fẹsẹ̀ rìn bọ̀.

Ọlọ́run á wò ẹ́ sàn, á jẹ́ o dàgbà, á jẹ́ kí ojú ẹ rí ohun tó dáa. Bí àmì náà bá lọ, alhamdulilahi. Bí kò bá lọ tán, èmi ò ní fi ìka kàn án mọ́.

Ó ku ẹyọ kan. Lánàá àwọn tá a jọ ń gbẹ́rù ní kí n fi ọmọ mi hàn wọ́n. Àwòrán ẹ mọ́kànlélógójì ló wà nínú fóònù mi. Gbogbo ẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì nìkan ni, torí mo fẹ́ fi polówó ìpara nígbà tí àmì náà bá lọ. Wọ́n bi mí pé ta lo jọ, mi ò lè sọ. Kafilat, jọ̀ọ́, bá mi ya gbogbo ojú ẹ̀, bó ṣe wà lónìí gan-an, kó o fi rán Jibril sí mi.

Èmi ni bàbá ẹ,
Mansur Ìyàndá.