Mọrẹ́nikẹ́ Kò Ní Wá Gba Ìbáwí ní Ọ̀fà Mọ́

Mọ́mì mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àìfojúrínjú, ẹ kú àdúrà tí ẹ ń gbà lórí wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó wọn, mo kí àbúrò mi, mo sì kí Alhaja iwájú ilé wa tó máa ń bá yín ra iṣu bọ̀ láti ọjà Òjòkú. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé wọ́n ti mú iná dé? Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́.

Ó lè yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń ka lẹ́tà ọmọ yín. Ẹ má pè é ní àfojúdi. Orí Wàásápù ẹbí ni mo ti kígbe pé ọmọ mi kan ṣoṣo ti bàjẹ́. Ẹbí gbọ́, àwọn ọmọ Ọ̀fà tí a jọ wà nílùú yìí gbọ́, ìyàwó àlúfáà ṣọ́ọ̀ṣì yín náà gbọ́, wọ́n sì kó o sínú àdúrà. Níta gbangba ni mo ti ba orúkọ Mọrẹ́nikẹ́ jẹ́, níta gbangba náà ló yẹ kí n ti tún un ṣe. Ojú ń tì mí gan-an bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ẹ rántí ọjọ́ tí mo pè yín lórí fóònù tí mo ń sunkún. Mo ní Amẹ́ríkà ti ra ọmọ náà níyè, pé kí ẹ bá mi wá ààyè fún un nílé ìwé tí àwọn ọmọ ti ń sùn ní Ọ̀fà. Ẹ ní kí n máa mú un bọ̀, pé ọmọ tó bá ti ọwọ́ yín kọjá kò ní ya ìpáǹle. Àbúrò mi wá sọ fún mi pé ẹ ti kun yàrá ẹ̀yìn lọ́dà, pé ẹ ti ra bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ti bẹ́ẹ̀dì yẹn ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́.

Òtútù ibí ti le báyìí. Òòrùn ń yọ, ṣùgbọ́n kò mú ara wa gbóná rárá, ó kàn wà lókè bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó. Iṣẹ́ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó náà ni mo ṣì ń ṣe. Èmi àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Dórísì la wà nídìí aṣọ fífọ̀. Ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́ o, àwa la ń kó o sínú, tí a ń kó o jáde, tí a ń ká a. Owó ibẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó ń gbé wa ró, ilé ìwé ìjọba kò sì gba owó lọ́wọ́ wa. Ohun tó ń dùn mí ju owó lọ ni pé bí mo bá ti ilẹ̀kùn ilé, èmi àti Mọrẹ́nikẹ́ náà ló kù. Kò sí Alhaja iwájú ilé tí yóò yọjú pé kí ló dé tí ẹnu yín ń pariwo. Bóyá ká ní ẹnìkan yọjú lọ́jọ́ tí mo fi ẹkún pè yín yẹn ni, ọ̀rọ̀ ì bá má rí báyìí.

Dúdú Amẹ́ríkà ni Dórísì, ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, àwọn ilé ìwé ìjọba ìlú yìí náà ló sì fi àwọn ọmọ rẹ̀ sí. Ó ti pẹ́ tó ti sọ fún mi pé ojú méjì ni wọ́n fi ń wo ọmọ níbẹ̀: bí ọmọ òyìnbó bá ṣe é, eré ni, bí ọmọ dúdú bá ṣe é, ìwà ọ̀daràn ni. Mo mi orí lójú rẹ̀ bí ẹni tó gbà. Nínú mi, mo ní àwọn ni kò kọ́ ọmọ wọn, pé ta ni yóò fi ojú burúkú wo ọmọ tiwa tó mọ àgbà kí? Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa ọmọ Nàìjíríà fi ń pè wọ́n nígbà tí a bá ku àwa nìkan. Ẹ mọ̀ ọ́n. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n èmi náà ti pè é, mo sì ti fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé Mọrẹ́nikẹ́ gbọ́ ìṣirò. Wọ́n mú un sí kíláàsì àwọn tó mọ̀ ọ́n jù, inú mi dùn títí mo fi ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ohun tí mi ò sọ fún yín ni pé nínú ilé ìwé tí ọmọ dúdú kún bámúbámú, òun nìkan ni dúdú inú kíláàsì yẹn. Mo rí i kedere. Dípò kí n bi ara mi pé àwọn yòókù dà, ńṣe ni mo fi ṣe fáàrí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Mọrẹ́nikẹ́ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Kéètì, ọmọ òyìnbó, ń fọ àwọn ìgò tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi síra wọn lára, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìgò kan já bọ́, ó fọ́. Kò gé ẹnikẹ́ni. Tísà ní kí Kéètì lọ mú aṣọ wá kó nu ilẹ̀. Ó ní kí Mọrẹ́nikẹ́ kọrí sí ọ́fíìsì igbá-kejì ọ̀gá ilé ìwé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pè mí níbi iṣẹ́.

Mo dé ibẹ̀ tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn mi. Ọkùnrin náà fohùn tútù kí mi, ó na ọwọ́ sí àga. Mọ́mì, mi ò jókòó. Nílé wa, bí wọ́n bá ránṣẹ́ pe òbí sílé ìwé, ẹ̀bẹ̀ ni òbí ń bá lọ. Mo fa ọmọ náà létí, mo ní kó kúnlẹ̀, èmi náà sì tẹ orúnkún. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, mo ní kó panu mọ́, ṣé àgbà ń sọ̀rọ̀ òun náà ń sọ ni? Mo sọ fún ọkùnrin náà pé kó máà bínú, pé bó ṣe lágídí nílé náà nìyẹn, pé apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ká a mọ́. Mo ní kó fà á lé mi lọ́wọ́, ẹgba ni yóò bá a sọ̀rọ̀ tí a bá délé. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ náà kò lágídí, mi ò sì ní ẹgba kankan nílé.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí ní Ọ̀fà. Ẹ̀bẹ̀ wa máa ń ní elégbè. Bí òbí bá ti ń sọ pé òun yóò lù ú pa, tísà ni yóò gbà á sílẹ̀, tí yóò ní ó ti tó, Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ni, ẹ jẹ́ kó dìde. Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀, wọ́n á tún rẹ́rìn-ín. Èmi náà wà lórí ìkúnlẹ̀, mo ń retí kí ọkùnrin náà gbe ẹ̀bẹ̀ mi. Kò gbè é. Orí kọ̀ǹpútà ló ń tẹ̀. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, ó ní kí Mọrẹ́nikẹ́ lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì yọ ọ́ kúrò ní kíláàsì ìṣirò, ó ní ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí sí i pé ọmọ náà kì í gbọ́ràn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó jáde. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pè yín.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, obìnrin kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba kan ilẹ̀kùn wa. Ó ní ilé ìwé ti fi tó àwọn létí pé mo fẹ́ na ọmọ. Ó wo apá Mọrẹ́nikẹ́, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó mú un wọ ilé ìdáná kó lè bi í léèrè lóun nìkan. Mo jókòó sí pálọ̀, mo ń gbọ́ ohùn wọn. Mọrẹ́nikẹ́ sọ fún un pé màmá òun kò na òun rí. Ó ní bí àwọn èèyàn wa ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn bí wọ́n bá bọ̀wọ̀ fún tísà, pé kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ náà mú mi. Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé mi títí ọkàn obìnrin náà fi rọ̀, tó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ tí mi ò jẹ́ kó la ẹnu, òun ló la ẹnu gbà mí. Bí obìnrin náà ṣe lọ tán, ọmọ náà wọ yàrá rẹ̀, kò bá mi sọ ju ẹ káàárọ̀ àti ó dàárọ̀ lọ fún ọjọ́ púpọ̀.

Ibi tí ojú wá tì mí jù ni ilé ìtajà tí mo ti pàdé ìyá Kéètì. Ó dì mọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìtàn omi yẹn fún òun ni, pé ọmọdé ò ní ṣàì ṣe bí ọmọdé. Ó wá béèrè bóyá òtútù ló mú Mọrẹ́nikẹ́ tí wọn ò fi rí i nílé ìwé. Wọn ò pè é, Mọ́mì. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún un. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní bóyá ohun mìíràn wà tí Mọrẹ́nikẹ́ ṣe. Kì í ṣe ìkà èèyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn gún mi, nítorí ohun tí èmi náà ti ń sọ nípa ọmọ Dórísì láti ìgbà yìí wá nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Dórísì jọ ń ká aṣọ ìbora, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ń retí kó ní ṣebí òun ti wí. Kò wí i. Ó di etí aṣọ tirẹ̀ mú, ó ní nígbà tí ọmọ òun ọkùnrin wà ní kékeré, nítorí pé ó fèsì ní kíláàsì ni wọ́n fi lé e sílé léraléra, tí ilé ìwé fi sú u pátápátá. Ó wá béèrè bóyá mo fẹ́ kí òun bá mi lọ. Ojú tì mí débi pé aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mọ́mì, ẹ̀yin ni mo rántí. Nígbà tí ẹ ṣì ń ṣe tísà, mo wà ní kíláàsì yín lọ́jọ́ tí ọmọ alága káńsù àti ọmọ àgbẹ̀ kan láti Òjòkú jọ já máńgòrò ọ̀gá àgbà. Ẹ gbọ́ tẹnu ọ̀kan, ẹ gbọ́ tẹnu èkejì. Ọ̀gá àgbà ní kí ẹ fojú fo ọmọ alága, ẹ ní ẹ ò jẹ́ fi ọ̀kan sílẹ̀ na ọ̀kan, pé a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹnu gbogbo Ọ̀fà ni mo ti gbọ́ òwe yẹn, tiyín nìkan ni mo rí i tó di ìṣe. Èmi ọmọ yín wá mú ìkúnlẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yín, mo fi èyí sílẹ̀. Tẹnu ẹnìkan kọ́ ni mo tilẹ̀ gbọ́ kí n tó dájọ́ ọmọ mi, mi ò gbọ́ tẹnì kankan.

A padà lọ, èmi, Mọrẹ́nikẹ́ àti Dórísì. Lọ́tẹ̀ yìí mo jókòó. Mo sọ pé ohun tí mo wí lọ́jọ́ kìíní, bí a ṣe ń tu àgbà lójú ni, kì í ṣe ẹ̀rí, mo sì kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Mo ní kí wọ́n bi ọmọ náà. Ó sọ tẹnu rẹ̀ láìgbójú, láìsunkún. Mo bi wọ́n pé omi kan náà, ìgò kan náà, kí ló sọ ọ́ di ìdájọ́ méjì? Ọkùnrin náà ní bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń rí ló yàtọ̀. Ó ní òun yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ilé ìwé gbogbo ìlú. Ọ̀sẹ̀ tó ti lọ kò ṣe é dá padà, kíláàsì ìṣirò sì ti kún di ọdún tó ń bọ̀. Ibi tí a bá a dé nìyẹn. Àwọn ìyá bíi Dórísì máa ń lọ síbi ìpàdé àwọn alábòójútó wọ̀nyẹn láti sọ̀rọ̀, èmi náà ti ń bá wọn lọ báyìí, ẹ̀yìn pátápátá ni mo ń jókòó sí.

Mo bẹ ọmọ mi. Ó bi mí bóyá òun ṣì gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ bí òun bá dé Ọ̀fà. Mo ní ẹ̀yin ni ìyá mi, yóò kúnlẹ̀ kí yín. Ó ní ti ìkíni kò ṣòro fún òun, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní kí òun kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti kọ́kọ́ bi òun pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ti ṣèlérí fún un, mo sì ti fi tiyín kún un láìbi yín. Ẹ forí jì mí.

Nítorí náà, ẹ má wá ilé ìwé mọ́. Ẹ má gbé bẹ́ẹ̀dì yẹn kúrò o, yóò wá lo ọlidé lórí rẹ̀, bí ọmọ-ọmọ ṣe ń wá sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ẹ bá mi sọ fún ìyàwó àlúfáà pé kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn ọmọ tó sọnù, kí wọ́n fi tèmi síbẹ̀.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́, ẹsẹ̀ yín yóò gbé yín rọra. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tàgbà tèwe. Bí Alhaja tàbí ẹnikẹ́ni bá sì bi yín pé kí ni Mọrẹ́nikẹ́ tilẹ̀ ṣe gan-an, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé omi ló fi ṣeré.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ojú ń tì.