Ẹ̀jẹ̀ Àbúrò Ọkọ Mi Ló Wà Lára Mi, Ọmọ Mi Sì Ń Mu Ọmú Mi

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí èsì àyẹ̀wò mi ti wà nílẹ̀ ní Adó, tí mi ò lè lọ gbà á. Ojoojúmọ́ ni mo sì ń fún ọmọ mi lọ́mú. Mi ò lè sọ pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe, mo mọ̀ ọ́n... ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n mú bírò. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, mo ti rí bí ẹ ṣe ń dá sí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ẹ bá mi dá sí tèmi náà, kódà bí ẹ bá máa kọ́kọ́ bú mi.

Emùré ni mò ń gbé. Mo ka ìwé gírámà jáde, tíṣà ni ọkọ mi, ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run tíì fún wa, ọkùnrin ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù méje. Ọjọ́ tí mo bí i ni wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ jáde láyọ̀, ó ké, gbogbo wa gbọ́ ọ, àfi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya lára mi tí kò dúró mọ́. Ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan ni a wà, dókítà ibẹ̀ kò lè ju ọkọ mi lọ lọ́jọ́ orí. Ó sá sókè sá sódò títí ó fi rí i dá dúró, ó wá ní ẹ̀jẹ̀ tó kù lára mi kò tó nǹkan mọ́, kí wọ́n wá ẹni tó máa fún mi lẹ́jẹ̀. Wọ́n yẹ ti ọkọ mi wò, kò bá tèmi mu. Ti àbúrò rẹ̀ ló bá a mu. Akọ̀wé ni orúkọ tí mo sọ ọ́ nígbà tí mo wọ ilé wọn, torí iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, ó wà lára àwọn tí wọ́n kó láti Àkúrẹ́ wá sí Adó nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀. Ìfẹ́ tí bọ̀dá yìí ní sí mi, mi ò lè fi ẹnu sọ ọ́. Kò tíì jẹun láti àárọ̀ tó fi ká apá aṣọ sókè.

Dókítà wá ní òun kò tíì lè fà á. Ó ní nǹkan tí àwọn fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún àrùn éèdì ti tán lọ́wọ́ àwọn, òun á kọ́kọ́ fa díẹ̀, kí ẹnì kan gbé e lọ sí Adó, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá, kí ó gbé ìwé bọ̀. Ó ní omi tí òun fà sí mi lára lè gbé mi dé ìgbà yẹn, òun ò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ̀yin èèyàn, ìyá ọkọ mi tó dúró tì wá fara ya. Ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ ulé ni, kí lẹ tún fẹ́ wò níbẹ̀? Ṣé ọmọ ìta lẹ pe ọmọ mi ni?” Dókítà ní kì í ṣe èébú, Màmá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó na apá, ó ní kí wọ́n fà á jàre, aya àwọn kò gbọdọ̀ máa retí ọkọ̀ Adó nígbà tí ẹ̀jẹ̀ wà nílé. Ọkọ mi ń wo ìyá rẹ̀. Ni dókítà bá yíjú sí mi, ó ní èmi ni mo ni ara mi, kí ni mo wí?

Mo ní kí wọ́n fà á.

Mo ti sọ fún ara mi títí pé àárẹ̀ ló sọ ọ́, pé ojú mi ń ṣú, mi ò mọ ohun tí mò ń wí. Irọ́ ni. Mo gbọ́ dókítà yékéyéké. Ìtìjú ló sọ ọ́. Wọ́n kọ́ wa nípa éèdì nílé ìwé, èmi tí mò ń ṣe ipò kejì nínú báọ́lọ́jì... ṣùgbọ́n báwo ni ìyàwó ilé ṣe máa dùbúlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, kí ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ bóyá ó mọ́? Ọmọ tó ká apá aṣọ nítorí tèmi? Ta ló máa sọ ọ́? Nínú yín, ta ló máa sọ ọ́?

Mo yè. Nígbà ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá ọkọ mi jó dé iwájú pẹpẹ, ó ní ọmọ òun kan fẹ́ mi, èkejì jí mi dìde. Gbogbo ìjọ ké àmín. Bí Akọ̀wé bá wálé láti Adó, mo máa ń kúnlẹ̀ kí n tó kí i, òun náà á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí n rọra máa bá ọkọ mi jà o, ẹ̀jẹ̀ òun tó gbóná ló wà lára mi.

Oṣù tó kọjá ló wá ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ọkọ mi ti lọ síléèwé, ìyá ọkọ mi wà lóko. Mò ń fún ọmọ lọ́mú lórí àpótí lẹ́yìnkùlé. Ó jókòó, kò wo ojú mi, ó ní ìgbà wo ni mo máa gba ọmú lẹ́nu ọmọ yìí? Mo rò pé àwàdà rẹ̀ ni, mo ní, “Àbí ẹ fẹ́ bá a pín in ni, Akọ̀wé?” Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ bo ojú. Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì rán òun àti àfẹ́sọ́nà òun lọ ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀, pé òun ti ṣe tòun ní Adó, òun tún ti lọ ṣe é ní Àkúrẹ́ bóyá àṣìṣe ni, ohun kan náà ni wọ́n sọ fún òun níbi méjèèjì. Ó ní òun kò mọ ìgbà tí àrùn náà wọ òun lára. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn tí òun fún mi lẹ́jẹ̀. Ó lè jẹ́ ṣáájú. Ó ní, “Aya mi, ẹ lọ yẹ ara yín wò.” Ó ní kí n má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, òun fúnra òun máa sọ fún ẹ̀gbọ́n òun, mo sì ṣèlérí fún un. Ó padà lọ lọ́jọ́ yẹn, kò tíì wálé mọ́. Wọ́n ti sún ìgbéyàwó síwájú, ìyá ọkọ mi ní ọmọge yẹn ló ń fa ọ̀rọ̀ sẹ́yìn. Mò ń gbọ́, mò ń ro àmàlà.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Adó. Mo parọ́ fún ọkọ mi pé ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kàwé bímọ. Mo fún wọn ní orúkọ tí kì í ṣe tèmi. Obìnrin tó fa ẹ̀jẹ̀ mi níwà tútù, ó bi mí bóyá mo ṣì ń fún ọmọ lọ́mú, mo ní rárá... mo ní rárá, ọmọ sì wà lẹ́yìn mi tó ń sùn. Ó wo ọmọ, ó wò mí. Ó ní kí n padà wá ní Ọjọ́bọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn mo dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo rí obìnrin ìjọ wa kan lórí bẹ́ǹṣì, mo yí padà. Mi ò tíì lọ mọ́. Kì í sì í ṣe obìnrin yẹn ló dá mi dúró, kí n má tún parọ́ fún yín. Tí n kò bá tíì rí ìwé yẹn, èmi ṣì ni ìyá ọmọ tí ara rẹ̀ le.

Ẹ máa ní kí n kọ́kọ́ gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Mo gbìyànjú. Mo ro ògì, mo po mílíìkì sí i, ó tu ú sí mi lójú. Ọjọ́ kejì ìyá ọkọ mi rí ife àti ṣíbí, ó ní kí ló dé, ọmọ oṣù méje? Ṣé mo ti tún lóyún ni? Ọkọ mi gbọ́ láti inú ilé, ó jáde, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, inú rẹ̀ dùn. Kí ni kí n sọ? Mo gbé ọmọ, mo fún un lọ́mú níwájú àwọn méjèèjì kí ọ̀rọ̀ lè tán. Láti ìgbà yẹn ni ìyá ọkọ mi ti ń ṣọ́ ọyàn mi. Mo sì ń sá fún ọkọ mi lórí ibùsùn, mo ní ó rẹ̀ mí, kò bínú, ó kàn ń wò mí. Ọkùnrin tí kò mọ nǹkan kan... tàbí ó ti pẹ́ jù fún òun náà?

Láti ọjọ́ Àìkú ni ara ọmọ ti ń gbóná. Ìyá ọkọ mi ní eyín ló fẹ́ hù. Ó lè jẹ́ eyín. Mo la ẹnu rẹ̀ lánàá, mo rí funfun lórí ahọ́n rẹ̀, mo fi aṣọ nù ún, kò lọ tán. Ó lè jẹ́ wàrà. Àbí kì í ṣe wàrà? Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ sọ fún mi, ṣé ọmọ tiyín náà máa ń nírú rẹ̀?

Ṣé kí n lọ gba ìwé yẹn kí n tó sọ fún ọkọ mi, àbí kí n sọ fún un ká jọ lọ? Bí mo bá sọ tèmi, mo ti sọ ti Akọ̀wé, mo sì ti ṣèlérí fún un. Bí ìwé bá sì ní mo mọ́ ńkọ́, tí mo ti tú àṣírí ọmọ wọn, ṣé wọ́n á gbà mí nílé yẹn mọ́? Ẹ sọ èyí tó yẹ kí n ṣe, kí ẹ sọ ọ́ tààrà. Mo mọ̀ pé kí lẹ́tà yìí tó dé ọ̀dọ̀ yín, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tó kà á, kí èsì tó jáde, ó máa tó oṣù kan, ọmọ yìí á sì ti mu ọmú mi bí ọgọ́rùn-ún méjì ìgbà kí ẹ tó ní kí n dáwọ́ dúró. Ó ti jí báyìí, ó ń ké, ìyá ọkọ mi ń pè mí látìta pé ṣé mi ò gbọ́ ọmọ ni...