Ohùn Abẹ́ Ìtàgé

Zagreb

Ẹ̀gbọ́n mi Perina,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní erékùṣù? Ọpọ́tọ́ gbígbẹ tí ẹ fi ránṣẹ́ dé, mo sì ń jẹun dáadáa.

Yàrá tí a ti ń múra ni mo ti ń kọ èyí. Eré tuntun wa bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́ yìí. Ẹ mọ̀ pé Jelka ìyàwó mi ló máa ń jókòó sínú ihò iwájú ìtàgé, tó ń rọra pe ọ̀rọ̀ fún mi bí mo bá gbàgbé. Láti ìgbà tí a ti sin ín, Dunja ló wà níbẹ̀. Níbi ìdánrawò àná, mo gbàgbé ọ̀rọ̀ kan. Dunja pe ọ̀rọ̀ náà títí, mi ò gbọ́. Ohùn Jelka ni etí mi ń dúró dè.

"Bàbá Andro, àbí ẹja erékùṣù yín ló gbé ọ̀rọ̀ mì ni?" ni Vedran, olùdarí wa, wí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Bàbá, bó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, Krešo ló máa gba ipa yín o. Ó ti mọ̀ ọ́n sórí."

Ẹ má dààmú. Ká ní fíìmù ni, wọn ì bá ní ká tún un ṣe ni.

Agogo kejì tó ń pè wá sórí ìtàgé ti dún. Ẹ bá mi kí àwọn apẹja tó ṣì ń pè mí ní Ọ̀gá Ọkọ̀ nítorí fíìmù àtijọ́ tí mo ti ṣe ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi yẹn. Ẹ ní ara mi le.

Èmi àti Jelka kí yín o. Mo ti kọ ọ́ tán kí n tó rántí, mi ò sì lè pa á rẹ́.

Andro